Oòrùn mú ganrínganrín, kí ló dé tí omi adágún ṣì tutù nini?

Ìbéèrè: Ìta ti gbóná dé 28°C, gbogbo ènìyàn ti bọ́ra sílẹ̀ nítorí ooru. Mo ki ẹsẹ̀ bọ adágún, ni mo bá yára fà á padà bí ẹni tí ejò bù jẹ. Ṣé oòrùn kì í kan omi ni?

Ìdáhùn: Ó ń kàn án, àmọ́ omi kì í tètè gbọ́. Ooru tó máa fi 1°C kún kílò omi kan tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí kílò afẹ́fẹ́ kan ń gbà. Kílò kan omi kò sì tó nǹkan, kò ju lítà kan lọ, nígbà tí kílò kan afẹ́fẹ́ máa kún ọ̀pọ̀ àpótí. Ẹ wá ro ti odidi adágún wò. Ìta lè tutù láàárọ̀ kó sì gbóná lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n adágún ńlá máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó gbà pé ojú ọjọ́ ti yí padà.

Ìdí nìyí tí kàlẹ́ńdà omi fi máa ń rẹ̀yìn. Ní ìlàjì àríwá ayé, nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni ojúmọmọ máa ń gùn jù lọ. Síbẹ̀, ìparí oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ adágún tó wà níbẹ̀ máa ń gbóná jù. Bí omi ṣe lọ́ra láti gba ooru náà ló ṣe lọ́ra láti fi í sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé omi oṣù kẹsàn-án sábà máa ń dára fún ìlúwẹ̀ẹ́ ju ti oṣù karùn-ún lọ, bí ẹ̀wù òtútù tiẹ̀ ti ń jáde nínú àpótí. Èmi ò fọkàn tán omi oṣù karùn-ún rárá. Ìgbà yẹn gan-an ni ìta máa ń tan ènìyàn jẹ, tí omi sì ṣì wà nínú ìgbà òtútù.

Ìbéèrè: Òkè omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá na ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, á dà bíi pé mo ki ẹsẹ̀ bọ inú fíríìjì. Kí ló wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Nígbà ooru, omi méjì ló ń gbé inú adágún kan. Èyí tó gbóná fúyẹ́, ó sì dùbúlẹ̀ sórí èyí tó tutù bí epo ṣe ń dùbúlẹ̀ sórí omi. Láàárín wọn ni ibì kan wà tí ooru ti ń já wálẹ̀ láàárín mítà díẹ̀ péré. Atẹ́gùn ń po ti òkè, ọwọ́ rẹ̀ kì í tó ti ìsàlẹ̀.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Omi máa ń wúwo sí i bó ṣe ń tutù, bí ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe ń ṣe, títí á fi dé nǹkan bí 4°C. Bó bá tún tutù ju ìyẹn lọ, á pẹ̀yìn dà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Nítorí náà, nígbà ìwọ́wé, omi òkè á máa tutù, á máa rì, títí gbogbo adágún á fi sún mọ́ 4°C, atẹ́gùn á sì lè pò ó látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tó tutù jù lọ ò lè rì mọ́. Òkè ló máa dúró sí, ibẹ̀ náà ló ti máa di yìnyín, àwọn ẹja á sì wà lábẹ́ rẹ̀ láàyè. Bí yìnyín bá yọ́ nígbà ìrúwé, adágún á tún po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Adágún Tanganyika ní Áfíríkà jìn tó nǹkan bí 1,470 mítà, kì í sì pò látòkè délẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí adágún méjì tí kò jìnnà síra kì í gbóná bákan náà?

Ìdáhùn: Ìjìnlẹ̀ ni olórí ìdí. Ẹ wo Erie àti Superior, tí àwọn méjèèjì wà ní ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìpíndọ́gba ìjìnlẹ̀ Erie jẹ́ nǹkan bí 19 mítà, ti Superior sì jẹ́ 147. Ojú omi Erie máa ń kọjá 22°C lóṣù kẹjọ. Superior, tó tún wà níhà àríwá, kì í bá a dé bẹ̀.

Ìbéèrè: Omi tó dára lánàá ti di omi yìnyín lónìí, oòrùn ò sì dín kù. Ta ló ṣe é?

Ìdáhùn: Atẹ́gùn ni. Bó bá ń gbá omi òkè kúrò létí adágún, omi ìsàlẹ̀ á gòkè wá gba àyè rẹ̀. Adágún Michigan mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: omi etí rẹ̀ lè fi ọ̀pọ̀ dígírì já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ìwọ̀n àná ò wúlò lónìí.

Ìbéèrè: Èwo wá ni omi tó ṣeé wọ̀?

Ìdáhùn: World Aquatics, àjọ tó ń darí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, kì í gbà kí wọ́n díje ní gbangba odò bí omi kò bá tó 16°C tàbí bó bá kọjá 31°C. Àwọn òmùwẹ̀ tó ti gbára dì nìyẹn o. Ẹni tó kàn fẹ́ gbádùn ara rẹ̀ á ti máa gbọ̀n kí omi tó tutù dé 16°C.

Ẹ má fi 15°C ti ìta wé 15°C ti omi. Omi ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ti afẹ́fẹ́. Gordon Giesbrecht, olùwádìí ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, gbé òfin kan kalẹ̀ fún ẹni tó já sínú omi tó tutù gan-an: ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 10, wákàtí 1. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ènìyàn á ṣàdédé fa èémí ńlá sínú, á sì máa mí helehele. Bí ẹnu bá wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi ló máa fà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á ṣì gbọ́ràn; lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò ní gbọ́ mọ́. Ó lè tó wákàtí kan kí òtútù tó mú kí ènìyàn dákú. Ọ̀pọ̀ tí omi tútù pa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ, torí òun ló ń bẹ́ sínú rẹ̀ láìrò ó.

Nítorí náà, ẹ rọra wọ̀ ọ́, ẹ dúró kí èémí balẹ̀, kí ẹ sì lúwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá etí pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ yín. Bí ẹ bá jáde, ara á ṣì máa tutù sí i fún ìgbà díẹ̀. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe fótò.

Ìbéèrè: Ṣé omi tó gbóná jù ló wá dára jù?

Ìdáhùn: Rárá. Kòkòrò bakitéríà tí ń mú omi dà bí ọ̀dà aláwọ̀ ewé fẹ́ràn omi gbígbóná, àwọn mìíràn nínú wọn sì ní májèlé. Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, májèlé wọn láti inú Erie ló mú kí wọ́n sọ fáwọn ará ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ. Bí omi bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ajá yín wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ má wọ̀n ọ́n létí, níbi tí omi ò ti kọjá kókósẹ̀, torí irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ so tẹmọ́mítà mọ́ okùn, kí ó rì tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó fà á sókè.