Àrùn ọkàn kì í ṣe àrùn ọ̀gá nìkan

Bí ọ̀bẹ bá gé ìka yín níbi tí ẹ ti ń rẹ́ ilá, ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló débẹ̀ láti bá kòkòrò jà; ìjà yẹn ni mo ń pè ní iná (inflammation). Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ṣíwọ́, ojú ọgbẹ́ á jinná. Irú iná bẹ́ẹ̀ kan tún wà tí kì í tètè kú. Abẹ́lẹ̀ ló ń jó, bí ẹ̀yinná tí eérú bò, kì í dunni, ó sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ọ̀rá á rá wọ inú ògiri náà, sẹ́ẹ̀lì funfun á máa gbé e mì títí gbogbo rẹ̀ á fi di ẹrẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìbòrí ẹrẹ̀ yẹn bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lójijì. Tó bá ṣẹlẹ̀ nínú iṣan ọkàn, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Tó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni.

Àwa máa ń sọ pé ọ̀gá ló ń ronú jù, òun ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ru. Ìwádìí Whitehall tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1967 lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló ń gbowó oṣù, síbẹ̀ àrùn ọkàn pa àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá àgbà. Bí àtẹ̀gùn ló sì rí: ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀gá àgbà pàápàá kò rí bíi tirẹ̀. Sìgá, ìfúnpá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò ṣàlàyé tó ìdajì ìyàtọ̀ yẹn. Nínú ìkejì rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, CRP, èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí iná yìí bá ń jó, ga lára àwọn ẹni ìsàlẹ̀ ju ti ẹni òkè lọ.

Ẹnìkan á ní oúnjẹ ló fà á. Ní 2016, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí abo ọ̀bọ 45. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, èyí tó sì kọ́kọ́ wọ ilé ló sábà ń jọ̀gá. Sẹ́ẹ̀lì àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń dá iná sílẹ̀ ju ti ọ̀gá lọ. Nígbà tí wọ́n pa ipò wọn dà, sẹ́ẹ̀lì náà yí padà. Ibi tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Kọ́tísọ̀l, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà másùnmáwo, ló yẹ kó máa pa iná náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí másùnmáwo bá wà látàárọ̀ dalẹ́, sẹ́ẹ̀lì á ti etí dí sí i, bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí láìsinmi. Ẹ wo akọ̀wé ìjọba kan ní Òkè-Mósàn, l'Abẹ́òkúta, tí kò mọ ìgbà tí ọ̀gá máa pè é, tí kò sì lè dá àkókò oúnjẹ mú. Tàbí alábàárù ní Láfẹ́ńwá tí ẹlòmíràn ń sọ iye owó ẹrù fún. Iṣẹ́ pọ̀ o, àmọ́ àìlè pinnu nǹkan kan lórí iṣẹ́ náà ló burú jù. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ sọ àkókò iṣẹ́ ọ̀la fún wọn lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí àkókò oúnjẹ dúró lójú kan.

Ẹ má tíì sáré lọ ṣe àyẹ̀wò CRP. Ibà nìkan tó láti gbé e ga. Tó bá ju mílígíráàmù 10 lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ó lè jẹ́ pé àìsàn mìíràn ló wà lára. Ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ara bá yá, kí ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, tí kò bá tó 1, ó dára; 1 sí 3, àárín ni; tó bá ju 3 lọ, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀. Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà ń fẹ́ iná yìí, ẹ jẹ́ kí dókítà eyín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìfúnpá ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ tọ̀, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn mọ́ àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ẹ gbé apá sórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn, ẹ má sọ̀rọ̀. Ọ̀já ẹ̀rọ ìfúnpá tó kéré fún apá ńlá á gbé òǹkà ga lófo, bẹ́ẹ̀ náà ni fífi ẹsẹ̀ kọ́ra. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín, ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Tó bá ń dé 140 lórí 90 ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra, ẹ mú ìwé òǹkà náà lọ sílé ìwòsàn.