Kí ni àyẹ̀wò ìsoríkọ́ ń wá lára ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanrajù?

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ dín àpòlúkù òun kù kí ara òun lè fúyẹ́ kì í ti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn bọ́ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ní 1991, ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan tí NIH, àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ìwádìí ìlera níbẹ̀, kó jọ dámọ̀ràn pé kí àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà lára àwọn tí yóò yẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò. Ìsoríkọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń wá. Èyí kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan. Àìsàn ni, tí ó ń mú kí ohun tí ó ń dùn mọ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀ sú u fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tí ó jáde nínú JAMA, ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà, ní 2016 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 19 nínú 100 tí ó ń wá iṣẹ́ abẹ yìí ni ó ní in.

Àyẹ̀wò ìṣáájú yìí kò yàtọ̀ sí asẹ́ tí a fi ń jọ èlùbọ́: kì í sọ ohun tí nǹkan jẹ́, ó kàn ń dá ohun tí ó yẹ kí a fi ọwọ́ tú wò dúró ni. Fọ́ọ̀mù PHQ-9 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò. Ìbéèrè 9 ni ó wà nínú rẹ̀, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá. Ẹni tí nǹkan náà kò ṣe rárá gba 0, ẹni tí ó ṣe fún ọjọ́ mélòó kan gba 1, ẹni tí ó ń ṣe ní bí ojoojúmọ́ gba 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 27 lọ. Bí ó bá ti dé 10, ó yẹ kí dókítà jókòó ti onítọ̀hún, kí ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyí. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ó sanra púpọ̀, tí ó máa ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì máa ń dá dúró lójú oorun. Oorun rẹ̀ kò dára, ó ń jí pẹ̀lú àárẹ̀, ó sì ń jẹun ju bí ó ti yẹ lọ. Ìbéèrè mẹ́ta péré nìyẹn, bí ó bá sì ń ṣe é ní bí ojoojúmọ́, ó ti gba 9. Bí ó bá tún sọ pé fún ọjọ́ mélòó kan òun kò lè pọkàn pọ̀, ó di 10, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ìsanrajù ni ó ń dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí inú ìyá náà sì dùn dẹ́ẹ̀. Nítorí náà, dókítà tí ó mọṣẹ́ kì í wo àpapọ̀ nìkan. Ó ń wo ìbéèrè tí iye náà ti wá. Ìbéèrè kẹsàn-án, tí ó ń béèrè bóyá onítọ̀hún ń rò pé ìbá sàn kí òun kú, kò sí ìṣirò níbẹ̀: bí ó bá tilẹ̀ gba 1 péré, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Iye kékeré gan-an ni ó ń kọ mí lóminú jù. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í sanwó àfi bí aláìsàn bá kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ, aláìsàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ba ohun tí ó ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí jẹ́? Ó yẹ kí a sọ fún un kí ó tó mú bírò pé ìsoríkọ́ nìkan kì í ṣe ohun tí a fi ń lé ènìyàn padà. Bí ó bá le, a lè sún iṣẹ́ abẹ síwájú kí a tọ́jú rẹ̀ ná.

Ìsoríkọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dínkù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ní Ontario, ní Kánádà, àwọn olùwádìí tọpa àwọn aláìsàn tí ó ju 8,000 lọ, wọ́n sì rí i pé iye ìgbà tí wọ́n gbé ènìyàn wá sí ilé ìwòsàn nítorí pé ó ṣe ara rẹ̀ léṣe láàárín ọdún mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti ọdún mẹ́ta tí ó ṣáájú. Yàtọ̀ sí èyí, bí wọ́n bá ti yí ọ̀nà oúnjẹ padà nínú ìfun, oògùn ìsoríkọ́ lè má wọ inú ẹ̀jẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, a sì lè ní láti tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí aláìsàn tún kọ fọ́ọ̀mù kan náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí dókítà sì gbé iye tuntun náà sí ẹ̀gbẹ́ ti ìṣáájú, ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.