Bí Ẹgbẹ́ Họ́kì Tó Dẹnu Kọlẹ̀ Ṣe Ń Fi Eléré Ṣe Pàṣípààrọ̀

Họ́kì orí pápá ni wọ́n mọ̀ jù ní Èkó, irú èyí tí wọ́n ń gbá ní National Stadium ní Surulere. Ti orí yìnyín jìnnà sí wa. Síbẹ̀ orúkọ kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ Mushin kò nílò ògbufọ̀ fún: Iginla. Igi ńlá. Yorùbá tó ṣí lọ sí Kánádà ni bàbá Jarome Iginla, Adékúnlé sì wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀, ẹni tó bá sì tẹ̀lé ìrìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa yóò mọ bí ẹgbẹ́ tó ti bàjẹ́ ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe, àti ibi tí ó ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Owó ni olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́kàn. Ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ojúẹlẹ́gba, tí ìròyìn bá dé pé Chelsea ra ẹnì kan, "mílíọ̀nù mélòó?" ló ń tẹ̀lé e. Nínú NHL, líìgì ẹgbẹ́ 32 tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹgbẹ́ kì í fi owó ra eléré lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Eléré ni wọ́n fi ń gba eléré, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ gbà á. Ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn kì í sì já kúrò nínú líìgì, ìdí nìyẹn tó fi lè fara da ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí nǹkan ò dán mọ́rán.

Ẹ̀tọ́ yẹn ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí sáà bá parí, àwọn ẹgbẹ́ máa ń tò láti yan àwọn ọ̀dọ́ tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 18, ìpele méje. Draft ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹgbẹ́ 16 tí kò dé abala ife, ìyẹn ìdíje ìparí sáà tí wọ́n ti ń du ife líìgì náà, ló ń kọ́kọ́ yàn, lọ́tìrì ló sì ń pinnu ẹni tí yóò ṣáájú: wọ́n á da bọ́ọ̀lù kéékèèké 14 sínú ẹ̀rọ, mẹ́rin á jáde. Ẹgbẹ́ tó burú jù ló ní àǹfààní tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò dájú pé ipò kìíní yóò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀tọ́ yìí ṣeé gbé fún ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí àjọ tí àwọn obìnrin ń dá ní Ìdúmọ̀tà. Ẹni tí àjọ kàn lóṣù yìí lè gbé e fún ẹni tí ìnáwó ká mọ́, kó sì gba tẹni yẹn nígbà tó bá yá. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba ife lọ́dún yìí ni ìnáwó ká mọ́. Ẹgbẹ́ tó ń tún ara rẹ̀ kọ́ lè dúró.

Gbèdéke owó iṣẹ́ ló tún jẹ́ kí ọ̀dọ́ níye lórí. Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí ló gbé gbogbo sáà 2004–05 lọ, wọn ò gbá ìdíje kankan. Fún sáà 2025–26, gbogbo owó iṣẹ́ àwọn eléré ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá mílíọ̀nù 95.5 dọ́là. Ọ̀dọ́ tí wọ́n yàn ní ọmọ ọdún 18 máa ń lo ọdún mẹ́ta lórí àdéhùn àkọ́kọ́ tí owó rẹ̀ kéré, àyè yóò sì ṣẹ́kù fún àwọn àgbà.

Dallas ló kọ́kọ́ yan Iginla, ẹni kọkànlá ní 1995. Kò tíì bá wọn gbá ìdíje kan nínú líìgì náà tí wọ́n fi fi í gba Joe Nieuwendyk lọ́wọ́ Calgary, ẹni tí òun àti Calgary kò gbọ́ ara wọn yé lórí owó. Dallas gba ife Stanley, ìyẹn ife líìgì náà, ní 1999, Nieuwendyk ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn eléré tó ta yọ jù ní abala ife. Calgary ní tiwọn rí ẹni tó gbá góòlù 525 wọlé fún wọn. Tọ̀túntòsì ló jèrè.

Ti 2013 ló dunni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Calgary kò ti dé abala ife, Iginla ti pé ọmọ ọdún 35, àdéhùn rẹ̀ sì fẹ́ parí lóṣù díẹ̀ sí i. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é ṣáájú, nígbà tí ẹni tó bá gbà á ṣì máa ní ọdún kan tàbí méjì láti lò ó. Gbólóhùn kan tún wà nínú àdéhùn náà: kò sí ibi tí wọ́n lè gbé e lọ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Calgary ti bá Boston sọ ọ́ tán, ìròyìn ti gbé e, àfi bí Iginla ṣe ní Pittsburgh lòun ń lọ. Ẹni tí oníbàárà kan ṣoṣo kù fún kò lè dúró lórí iye tó fẹ́. Ọ̀dọ́ méjì tí kò tíì gbá nínú líìgì náà rí ni wọ́n fún Calgary, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ìpele kìíní. Níwọ̀n ìgbà tí Pittsburgh sì jẹ́ ẹgbẹ́ tó dára, ipò 28 ni ẹ̀tọ́ náà bọ́ sí. Kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó di òpó ẹgbẹ́ náà.

Ìrìn kẹta wáyé ní oṣù Kẹta 2017, nígbà tí Colorado, ẹgbẹ́ tó ń gbá fún nígbà náà, fi í ránṣẹ́ sí Los Angeles. Nǹkan ò rọrùn fún Colorado rárá ní sáà yẹn: ìdíje 22 péré ni wọ́n borí nínú 82. Lọ́tìrì tún já wọn kulẹ̀: àwọn ló gbẹ̀yìn pátápátá, síbẹ̀ ipò kẹrin ni wọ́n ti yàn. Cale Makar ni wọ́n yàn níbẹ̀.

Eléré kan, Matt Duchene, wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ti ń retí kó lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Joe Sakic tó ń darí ẹgbẹ́ náà kò kánjú, torí àdéhùn Duchene ṣì ń lọ títí di 2019. Ní oṣù Kọkànlá 2017, ìdíje ń lọ lọ́wọ́ ní Brooklyn nígbà tí wọ́n pe Duchene kúrò lórí yìnyín, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Duchene lọ sí Ottawa; eléré Samuel Girard wá sí Colorado láti Nashville, ẹ̀tọ́ ìpele kìíní wá láti Ottawa. Ottawa gbà pé àwọn ti ṣe tán láti gba ife. Ní sáà 2018–19, àwọn ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo líìgì, ẹ̀tọ́ tó ti di ti Colorado sì bọ́ sí ipò kẹrin. Bowen Byram ni wọ́n fi yàn. Òun àti Makar ló wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ife Stanley ní 2022.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Buffalo yan ẹni kìíní ní 2018 àti 2021, síbẹ̀ láti 2012 títí dé 2025 wọn kò dé abala ife lẹ́ẹ̀kan.

Ní draft ọdún 2024, ẹgbẹ́ Utah yan ẹni kẹfà. Ọmọ ọdún 17 ni, Tij ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jarome Iginla.