Àwo rọ́ọ̀kì bàbá yín: ta ló ń wá a, kí ló sì fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn ní Ìlọrin: wọ́n ní òyìnbó ń wá àwo rọ́ọ̀kì àtijọ́, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní prog rock, wọ́n ní àwo kan ṣoṣo lè ra ilẹ̀, kí kálukú lọ tú àjà ilé bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn tún fi àwòrán ẹgbẹ́ olórin kan ránṣẹ́, ó kọ "àwo tuntun" sí abẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ náà ti tú ká kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Àwọn ohun tí wọ́n ń bi mí jù nìyí.

Kí tiẹ̀ ni prog rock tí wọ́n ń pariwo yìí?

Ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì kan tó gbòde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni. King Crimson, Yes àti Genesis wà lára àwọn tó lórúkọ nídìí rẹ̀. Orin wọn máa ń gùn, ìlù á yí padà láàárín orin, kíbọ́ọ̀dù á gbòde kan, nígbà míì orin kan ṣoṣo á gba ojú àwo kan tán. Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu nìyẹn. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwo fújì rí kò ní bá wọn yanu.

Ṣé Nàìjíríà ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀?

Rọ́ọ̀kì pọ̀ níbí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé pè ní prog rock, àwọn tó ń tà á lónìí ló ń fi orúkọ náà lẹ gbogbo orin tí wọ́n bá ti ta gìtá pẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá iná pọ̀ káàkiri. Ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's l'Ékòó ni àwọn Ofege nígbà tí wọ́n gbohùn àwo wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ agbórinjáde EMI. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó yẹ kó máa kàwé ìdánwò, àwo rẹ̀ ti wà lórí àtẹ.

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni BLO. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n: Berkley Jones lórí gìtá, Láolú Akins lórí ìlù, Gbénga Ọdúmosù lórí gìtá ohùn ìsàlẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ni wọ́n fi ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Berkley àti Láolú ti bá Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wá jókòó sí Èkó nígbà náà, ṣeré rí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Salt. Àwọn ìbejì Líjàdù, Táíwò àti Kẹ́hìndé, náà bá Salt kọrin ní 1972. Ní 1973 ni BLO gbé àwo àkọ́kọ́ tiwọn jáde. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó mọ̀ pé wọn kò kánjú: gìtá á máa rìn bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ, ìlù á sì máa lé e lẹ́yìn.

Ṣé ẹgbẹ́ inú àwòrán "àwo tuntun" yẹn ti padà wá ni?

Rárá. Orin àtijọ́ ni wọ́n tún tẹ̀.

Báwo wá ni orin tó dára tó bẹ́ẹ̀ ṣe di ìgbàgbé?

Ọjà yí padà. Dísíkò dé, jùjú àti fújì gba òde àríyá, kò sẹ́ni tó ń pe ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì síbi ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, títẹ àwo wọ́n ju ohun tí ilé-iṣẹ́ lè gbé lọ, kásẹ́ẹ̀tì sì ti dé, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù láìsan kọ́bọ̀ fún olórin. Àwọn ilé-iṣẹ́ agbórinjáde láti òkè òkun kó ẹrù wọn lọ, òmíràn yí orúkọ padà. Ọ̀pọ̀ tépù àkọ́kọ́ sọnù sínú ìkólékúrò yẹn.

Bí tépù bá ti sọnù, kí ni wọ́n ń tún gbé jáde?

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí tépù bá wà, ìyẹn ló dára jù, ṣùgbọ́n tépù náà ní àrùn tirẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó di eruku dúdú mọ́ ara ọ̀pọ̀ tépù tí wọ́n ṣe láti àárín àwọn ọdún 1970 máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á wá máa lẹ̀. Bí wọ́n bá fi sẹ́rọ bẹ́ẹ̀, orin á máa bó kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi ooru díẹ̀, bíi ìwọ̀n 50 sí 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yan án fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á sì tètè da orin inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kó tó tún lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé tépù lọ sílé oníbúrẹ́dì.

Bí kò bá sí tépù rárá, àwo tó wà lọ́wọ́ ará ìlú ni wọ́n ń lò. Wọ́n á wá ẹ̀dà tí abẹ́rẹ́ kò tíì fọ́ lára, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lù ú lórí ẹ̀rọ gidi, wọ́n á wá fi kọ̀ǹpútà yọ ariwo ta-ta-ta kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ jù á yọ ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti gbọ́ irú àtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń kọrin nínú ìrọ̀rí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá àwo bàbá yín: ó lè jẹ́ òun ló mọ́ jù nínú èyí tó kù.

Àwo wà lọ́wọ́ mi. Ṣé èmi ni mo ni orin inú rẹ̀?

Àwo lẹ ni. Ẹ kò ni orin.

Ta ló wá ń gba owó bí wọ́n bá tún un tẹ̀?

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí àwo kan. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó kọ orin, èkejì jẹ́ ti ẹni tó ṣètò gbígba ohùn sílẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ilé-iṣẹ́. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, ẹ̀tọ́ ti orí ohùn jẹ́ ọdún 50 láti òpin ọdún tí àwo kọ́kọ́ jáde. Ti ẹni tó kọ orin ń lọ títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwo tó jáde ní 1973, ẹ̀tọ́ orí ohùn rẹ̀ parí pẹ̀lú 2023 níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orin náà, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, ṣì ní owó láti gbà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀fẹ́ ni", ìdajì òótọ́ ló sọ, ìdajì tó kù ló sì fẹ́ jẹ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló tún ní iye ọdún tirẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ tà á lókè òkun.

Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà. Luaka Bop, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kan ní Amẹ́ríkà, gbé orin William Onyeabor ará Enugu jáde ní 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá náà ti di Kristẹni àtúnbí nígbà náà, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ orin mọ́.

Ṣé gbogbo àwo àtijọ́ ló lówó lórí?

Ó tì o. Àwo tó tà púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni kì í lówó lórí lónìí, torí ó wà níbi gbogbo. Èyí tí kò tà ni wọ́n ń wá. Ẹ gbé àwo yín dání létí, ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà àárín, ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n ha síbẹ̀. Ìyẹn ni ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè, torí ó ń fi ìtẹ̀jáde kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn. Oníbàárà tí kò béèrè rẹ̀, bóyá òun náà ń ṣe kàrá-kátà lásán ni.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Ẹ gbé e kúrò lórí àjà lónìí. Abẹ́ páànù ní Ìlọrin lóṣù Ẹrẹ́nà, àwo á ká bí ewé gbígbẹ. Ẹ tò ó ní òró, ẹ má tò ó lé ara wọn. Eruku ọyẹ́ ń wọ inú ìlà orin, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Àwo wúwo tó máa ń fọ́, ti ayé àwọn bàbá bàbá wa, ẹ má fi sípírítì kàn án, á yọ́. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé kí wọ́n má kó o fún àwọn tó ń ra kòńdẹ́ẹ̀mù kiri àdúgbò.

Bàbá mi wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹnìkan sì ti ń pè é láti òkè òkun. Ṣé kí ẹ̀rù bà wá?

Kí inú yín dùn, kí ẹ sì la ojú. Kí wọ́n yá orin náà lò fún iye ọdún kan, kí wọ́n má rà á pátápátá. Kí iye àwo tí wọ́n máa tẹ̀ wà nínú ìwé, kí ó sì hàn níbẹ̀ ìgbà tí wọ́n máa ṣírò owó fún un. Gbólóhùn tó bá ní "títí láé" nínú, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà kí bàbá tó mú bírò. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà láàyè, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i.

Orin Ìlọrin tiwa ńkọ́? Ṣé kò sẹ́ni tó ń wá dadakúàdà?

Wọn kò wá a tó. Ohùn Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú wà lórí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì nínú ilé àìmọye láàárín Pákátà sí Òkèléélé, àwọn kan ń fi kásẹ́ẹ̀tì náà ti ẹsẹ̀ tábìlì. Bí mo bá ní láti yan ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ tètè dà sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú gìtá ẹnikẹ́ni, òun ni, torí kò sẹ́ni tó máa ti òkè òkun wá bá wa ṣe é.

Ẹnìkan ní kí n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù kó tó wá ra àwo mi.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ dí nọ́ńbà rẹ̀.