Wáyà, káàdì àti súìṣì: bí síso kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1994 ni Thomas Sterling àti Donald Becker to kọ̀ǹpútà 16 jọ ní ibùdó NASA tó ń jẹ́ Goddard, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ ọ́ ní Beowulf. Kọ̀ǹpútà ọjà lásán ni, tó ń lo ṣíìpù 486 DX4. Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi sí i. Agbára ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ń wá láìsan owó ẹ̀rọ ńlá.

Wáyà ló kọ́kọ́ dí wọn lọ́wọ́. Ethernet ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bára sọ̀rọ̀ lórí wáyà. Ti ìgbà náà kò ju mílíọ̀nù 10 bit (ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó kéré jù) lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn ẹ̀rọ sì yára jù ú lọ. Súìṣì, àpótí tó ń darí ọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, wà, àmọ́ owó rẹ̀ kò ṣeé sún mọ́. Ni wọ́n bá ki káàdì Ethernet méjì sínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, wọ́n pín ọ̀rọ̀ sórí wáyà méjèèjì bíi pé ẹyọ kan ni. Becker ló kọ ọ̀pọ̀ ètò tí Linux fi ń bá irú káàdì bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Lójú wa, iṣẹ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí, torí káàdì olówó pọ́ọ́kú kò wúlò bí Linux kò bá dá a mọ̀.

Lọ́dún 1995, Fast Ethernet sọ 10 di 100. Nígbà tí owó súìṣì wálẹ̀, wáyà méjì kò pọndandan mọ́. Lọ́dún 2003, yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà fi InfiniBand, irú ìsopọ̀ mìíràn, so kọ̀ǹpútà Power Mac G5 1,100 pọ̀, ó sì gba ipò kẹta nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó yára jù láyé. Láti ìgbà yẹn, ọ̀nà méjì ló là: Ethernet tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, àti InfiniBand tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lójú ọ̀nà rẹ̀.

Irú iṣẹ́ ló ń sọ èyí tí a ó rà. Iṣẹ́ kan dà bí àáró ní Kábà tàbí Mọ̀pà: kálukú ń kọ ebè ní poro tirẹ̀, ó di ìparí kí wọ́n tó pàdé. Yíyẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ wò rí bẹ́ẹ̀. Ethernet tó o. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ṣírò bí omi Ọya àti Bẹ́núè yóò ṣe kún ní Lọ́kọ́ja, apá odò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi aládùúgbò rẹ̀ dé ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdádúró ti ń pa iṣẹ́.

Fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mẹ́jọ tó ti gbó, súìṣì gigabit (mílíọ̀nù 1,000 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá) oníhò 16 àti wáyà Ethernet tí wọ́n ń pè ní Cat5e ti tó. Kí wáyà jẹ́ bàbà gidi, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú rẹ̀ ni gigabit ń lò. Bí ọ̀kan bá já, ìsopọ̀ náà lè rọra padà sí 100, àwọn èèyàn á máa bá ètò wọn jà. Ẹ fi ethtool, ètò Linux tó ń sọ bí ìsopọ̀ ṣe yára tó, wò ó pé 1000Mb/s ló kọ. Iperf3, ètò tó ń wọn ọ̀rọ̀ tó ń kọjá gan-an, yẹ kó sún mọ́ 940. Ẹ sì fi súìṣì sórí UPS pẹ̀lú àwọn kọ̀ǹpútà, torí bí iná bá ṣẹ́jú lára súìṣì nìkan, iṣẹ́ MPI (ọ̀nà tí àwọn ètò fi ń ránṣẹ́ síra wọn láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà) tó ń lọ lọ́wọ́ lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́.