Ẹnu Ẹrú Ni Lítíréṣọ̀ Róòmù Ti Bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 240 ṣáájú ìbí Jésù, Róòmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ogun ọdún 23 tó bá Carthage, ìlú alágbára kan ní Àríwá Áfíríkà, jà. Níbi àjọ̀dún Júpítà, òrìṣà wọn àgbà, wọ́n gbé eré oníṣe jáde lédè Látìnì, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Ta ló kọ ọ́? Livius Andronicus ni, ọmọ Gíríìkì tí wọ́n ní Tarentum, ìlú àwọn Gíríìkì ní gúúsù Ítálì, ló ti wá, tó ti ṣẹrú kó tó gba òmìnira. Livius tó ń jẹ́ yẹn gan-an, orúkọ ìdílé olówó rẹ̀ ni.

Òun náà ló túmọ̀ Odyssey, ewì gígùn Homer akéwì Gíríìkì, sí Látìnì. Kò fi ìlànà ewì Gíríìkì kọ ọ́ o. Ti àwọn ará Róòmù ló lò. Ní ìlà àkọ́kọ́ pàá, ó yọ òrìṣà tí akéwì Gíríìkì ń pè, ó fi Camena tí Róòmù ń bọ sípò rẹ̀. Ìyẹn wú mi lórí gan-an. Ẹni tí wọ́n sọ dẹrú ló bá olówó rẹ̀ wá ohùn tí yóò fi kéwì.

Lọ́dún 207 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí Hannibal, ọ̀gágun Carthage, ń da Ítálì láàmú, òun ni wọ́n ní kó kọ orin ẹ̀bẹ̀ tí wúńdíá 27 kọ fún òrìṣà Juno. Nígbà tí ogun rọjú, ìjọba yọ̀ǹda tẹ́ńpìlì òrìṣà Minerva lórí òkè Aventine ní Róòmù fún àwọn akọ̀wé àti òṣèré láti máa pàdé. Ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé Róòmù ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, òṣèré ò níyì láàárín ìlú. Pákó ni wọ́n fi ń kan ìtàgé, wọ́n á sì tú u bí àjọ̀dún bá parí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta kọ́ ọ̀kan, Scipio Nasica, olóṣèlú kan, ní yóò ba ìwà ọmọ ìlú jẹ́, wọ́n sì wó o. Ọdún 55 ṣáájú ìbí Jésù ni Pompey, ọ̀gágun Róòmù, tó kọ́ ìtàgé olókùúta àkọ́kọ́ tó dúró, tòun ti tẹ́ńpìlì òrìṣà Venus lókè ìjókòó òǹwòran.

Horace, akéwì Róòmù tó dé lẹ́yìn náà, tí bàbá tiẹ̀ náà ti ṣẹrú rí, sọ pé ẹgba ni olùkọ́ òun Orbilius fi ń kọ́ òun ní ewì Livius. Ó ní kì í ṣe pé kí wọ́n pa ewì náà run, àmọ́ ó ya òun lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń pè é ní arẹwà. Ó le jù lójú tèmi. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ewì Látìnì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tí Livius ìbá wò kọ. Horace ní ewì nǹkan bí igba ọdún nílẹ̀ láti wò.