Tuviera kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan lọ́nà Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni ìfẹ́ èdè Sípéènì ti wọ àbúrò mi lára. La Liga ló fà á. Nígbà tó yá, ó ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan ní Madrid lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ pé: Si tuviera dinero ayer, compraría mangos. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ká ní òun lówó lánàá ni, òun ì bá ra máńgòrò. Ẹni yẹn bi í pé ṣé ọ̀rọ̀ àná ni àbí ti ìsinsìnyí.

Àbúrò mi na fóònù sí mi. "Bọ̀dá mi, ẹ wò ó o. Pretérito ni wọ́n pe tuviera nínú ìwé. Ṣé ohun tó ti kọjá kọ́ ni pretérito ni?"

Orúkọ yẹn gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ. Pretérito imperfecto de subjuntivo ni wọ́n ń pè é ní kíkún, ara tuvieron ("wọ́n ní"), tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àná lóòótọ́, la sì ti ń fà á yọ: yọ -ron kúrò, fi -ra sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti tẹ̀lé si ("bí" tàbí "ká ní" tiwọn) báyìí, aṣọ àná lásán ló wọ̀. Si tuviera dinero, compraría mangos: ẹni tó sọ ọ́ kò lówó lọ́wọ́ nísinsìnyí. Aṣọ àná yẹn ń sọ fún wa pé nǹkan náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé àná gan-an ni nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni, a ní láti tún sún un sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i: Si hubiera tenido dinero ayer, habría comprado mangos. Hubiese dípò hubiera náà ò burú. Apá kejì tiẹ̀ lè jẹ́ hubiera comprado, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà. Si habría ni kí o sá fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ dáadáa ní àríwá Sípéènì.

Mi ò bá àbúrò mi wí púpọ̀, torí èdè wa ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Ká ní mo lówó ni, ǹ bá ra máńgòrò." Ṣé òní ni àbí àná? Ẹnu kan náà la fi ń sọ méjèèjì. Fi "lánàá" kún un, ó parí. Àwọn mìíràn á ní "ǹ bá ti rà á", àmọ́ bí "ti" ò sí níbẹ̀, etí ò ta ẹnikẹ́ni. Ayer, "lánàá" tiwọn, ò lè dá irú iṣẹ́ yẹn ṣe; ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí padà.

Ká sòótọ́, tuviera máa ń sọ ọ̀rọ̀ àná nígbà mìíràn, tí ọ̀rọ̀-ìṣe àná kan bá ṣáájú rẹ̀: Quería que tuviera paciencia, ó fẹ́ kí n ní sùúrù. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti bá a mu.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni ti ẹnu àwọn ará Sípéènì fúnra wọn: Si lo llego a saber, no vengo. Kò sí aṣọ àná kankan lára rẹ̀, llego àti vengo, ti ìsinsìnyí ni méjèèjì. Síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá wá." Ẹni tó ń sọ ọ́ sì ti dé ibẹ̀ tán!

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi pẹnáritì ṣòfò. Bàbá tó jókòó níwájú wa fọwọ́ lu itan: "Ká ní ó gbá a sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni!" Àbúrò mi yíjú sí mi, ó ń fi ìka kà á: "Si lo hubiera… tirado… al otro lado…" Ó dákẹ́, ó ń wá ìyókù.

"Habría entrado," ìyẹn "ì bá wọlé", ni mo fi bá a parí ẹ̀. Bàbá yẹn wo àwa méjèèjì, ó mi orí, ó sì kọjú sí bọ́ọ̀lù rẹ̀.